Àwọn Ọmọ Tó Máa Ń Sùn Nínú Ọkọ̀

Aago méje ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọkọ̀ náà wọ ọgbà mẹkáníìkì wa ní Ṣàngó. Aago yẹn dá mi lójú nítorí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ìyá mi sọ̀rọ̀ tán ni, fóònù ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ọyẹ́ ti mú. Eruku tí àwọn tírélà ilé iṣẹ́ ń tú sókè kò fẹ́ balẹ̀ mọ́. Gbogbo gíláàsì ọkọ̀ náà ló wà ní títì. Ọmọdébìnrin kan tó wọ aṣọ ilé ìwé sùn gbalaja sórí ìjókòó ẹ̀yìn, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, bàtà rẹ̀ kan ti bọ́ sílẹ̀.

Mọ́mì Tọ́míwá ni gbogbo wa ń pe obìnrin tó wà á wá. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọ kan ní Ọ̀tà. Láràárọ̀, kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó máa ń kó ọmọ tirẹ̀ méjì àti ọmọ aládùúgbò rẹ̀ méjì lọ sí ilé ìwé lápá Ìjù.

"Ọ̀gá Múdà, ẹ kú iṣẹ́ o. Iná ẹ́ńjìnì yẹn ti tún tàn. Ṣebí ẹ ní n kò ní rí i mọ́?"

"Mọ́mì, ẹ ò bá má rí i lóòótọ́, bí tépù dúdú tí mo lẹ̀ bò ó kò bá ṣí. Ẹ bá ọyẹ́ wí, ẹ má bá mi wí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bọ̀dá Ráṣì, tó ń fi òòlù na ara ọkọ̀ tó wó ní ṣọ́ọ̀bù kejì, rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé òòlù sílẹ̀. N kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ tó sùn ni mò ń wò.

"Kí ló ṣe é, mà?"

"Ó bì nínú ọkọ̀. Àwọn yòókù ti wọlé, olùkọ́ ní kí n máa gbé e padà lọ sílé. Tọ́míwá fúnra rẹ̀ nìyẹn. Oorun ni tirẹ̀."

Ọ̀gá Múdà yíjú sí mi. "Àǹtí Kútọnu, gbé kọ̀m̀pútà rẹ wá."

Èmi ni Àǹtí Kútọnu. N kò gbé Kútọnu rí láyé mi. Kétu ni ilé wa, ní òdìkejì ibodè. Nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, Bọ̀dá Ráṣì ní, "Kétu ti Èkó? Ìyẹn ò jìnnà. O lè máa ti ilé wá." Mo ní rárá, Kétu gan-an. Ó ní, "Èwo ni ayédèrú nínú méjèèjì?" Láti ọjọ́ náà ni mo ti di Kútọnu, nítorí pé ìyẹn rọrùn fún wọn, àlàyé sì ti sú mi.

Kí n tó wá, mo rò pé ibi tí wọ́n bá ti ń sọ èdè mi kò lè jẹ́ ẹ̀yìn odi. Òun ni àṣìṣe àkọ́kọ́ tí mo ṣe nípa Ọ̀tà. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, wọ́n sì gbọ́ tèmi, síbẹ̀ bí mo bá la ẹnu, orí á yí sí mi. Èdè Faransé ni mo fi kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì, nítorí náà kò sí irinṣẹ́ kan tí mo mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é níbí. Mo máa ń wo ọwọ́ ẹni tó ń béèrè nǹkan, kí n lè mọ ohun tó fẹ́. Ní Toll Gate, mo máa ń dákẹ́ nínú ọkọ̀ èrò, mo máa ń fi owó mi lé kọ̀ńdọ́ lọ́wọ́ láìsọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà bi mí léèrè ibi tí mo ti wá. Ìwé mi pé. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Alẹ́ á sì lẹ́, jẹnẹrétọ̀ gbogbo ojúlé á máa hó, èmi nìkan nínú yàrá mi, n kò rí ẹni tí mo lè sọ fún pé ariwo náà kì í jẹ́ kí n sùn.

Ìṣẹ́gun kékeré wà níbẹ̀ náà. Lọ́jọ́ kan, ìyá arúgbó kan dá mi dúró ní Toll Gate, ó bi mí léèrè ọ̀nà tó lọ sí Ìjù. Mo júwe rẹ̀. Ó dúpẹ́, ó sì lọ síbi tí mo júwe. Mo dúró wò ó títí ó fi wọ ọkọ̀ tó yẹ kó wọ̀. Inú mi dùn di alẹ́.

Mo so kọ̀m̀pútà mi mọ́ ọkọ̀ Mọ́mì Tọ́míwá. Ohun tó kọ síta ni pé sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ń sọ pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù nínú èéfín. Sẹ́ńsọ̀ yìí kò ju àtàǹpàkò lọ. Ara páìpù tí èéfín ẹ́ńjìnì ń gbà jáde ni wọ́n máa ń gbìn ín sí. Ojú méjì ló ní: ojú kan wà nínú èéfín, ojú kejì wà lóde nínú afẹ́fẹ́ lásán. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ló ń sọ fún ọkọ̀, kí ọkọ̀ lè mọ̀ bóyá kó fi kún epo tàbí kó dín in kù. Bí kò bá sí ojú tó wà lóde, kò lè mọ ohunkóhun nípa inú. Mo máa ń rò ó pé bí èmi náà ṣe rí nìyẹn láti ìgbà tí mo ti dé Ọ̀tà. Ojú mi kan ṣì wà ní Kétu, òun ni mo sì fi ń mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí mi níbí.

Nínú ọkọ̀ tó gbó bí irú èyí, bí ara rẹ̀ bá dá, ìlà sẹ́ńsọ̀ yẹn máa ń lọ sókè, á tún sọ̀ kalẹ̀, láìdúró. Ti ọkọ̀ yìí dùbúlẹ̀ sí ìsàlẹ̀, kò mira.

"Sẹ́ńsọ̀ ti kú," ni Ọ̀gá Múdà wí. "Mo ní tòkunbọ̀ kan nínú báàgì."

"Ọ̀gá, kọ̀m̀pútà ò sọ pé ó ti kú, sà. Ohun tí sẹ́ńsọ̀ ń sọ ló sọ fún wa."

"Ẹ gbọ́ lọ́yà!" Bọ̀dá Ráṣì ló ké bẹ́ẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ san owó ìgbẹ́jọ́!"

Ọ̀gá pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ náà. A tan ẹ́ńjìnì, a jẹ́ kó gbóná. Mo wo ìlà náà. Ó dùbúlẹ̀ síbi tí èyí àkọ́kọ́ dùbúlẹ̀ sí.

Ó ṣeé ṣe kí tòkunbọ̀ náà ti bàjẹ́. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ara ọkọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni sẹ́ńsọ̀ méjèèjì ti wá, ohun kan náà ni wọ́n sì ń sọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé òótọ́ ni.

Mọ́mì Tọ́míwá jókòó sórí táyà kan, ọmọ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Ọmọ náà ti jí báyìí, ó di orí mú.

"Àbúrò mi, ẹ bá mi yára díẹ̀. Aago méjì ni mo gbọ́dọ̀ lọ kó àwọn yòókù."

"Ṣé ó ti pẹ́ tó ti ń bì, mà?"

"Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni. Wọ́n ti fún un lóògùn ibà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní kò sí ibà níbẹ̀. Orí ń fọ́ èmi náà, mo ní wàhálà ọ́fíìsì ni." Ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn aládùúgbò mi máa ń ní Ọlọ́run fi oorun sínú ọkọ̀ mi. Bí ọmọ bá ti wọlé, tí mo bá ti gbé gíláàsì sókè, kí a tó dé Ìjù, gbogbo wọn á ti sùn. Ariwo kankan ò sí. Ẹni tó bá lọ́mọ tí kì í sùn, kó gbé e wá fún mi!"

Bọ̀dá Ráṣì ní, "Ẹ máa gbowó lọ́wọ́ wọn!"

Mo bi í bí ara Tọ́míwá ṣe máa ń rí ní ọjọ́ Sátidé.

Ó ronú. "Sátidé? Ara rẹ̀ máa ń yá. Ó máa ń sáré kiri ilé."

"Ọjọ́ Àìkú ńkọ́?"

"Ṣọ́ọ̀ṣì ò jìnnà sílé wa, ẹsẹ̀ la fi ń rìn lọ. Kí ló dé?"

Mo ní mò ń bọ̀, mo lọ sẹ́yìn ọgbà níbi tí wọ́n ń to táyà sí, mo pe ìyá mi.

"Ṣé kò sí o? A ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ láàárọ̀."

"Kò sí, Ìyá. Mo fẹ́ béèrè nípa Ìyá Àfúsá ni."

Ìyá Àfúsá ni aládùúgbò wa tó gbé ìkòkò iná èédú wọ yàrá sùn ní ìgbà ọyẹ́, tó ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ìyá mi ló já ilẹ̀kùn náà. Láti ọdún yẹn, bí ọyẹ́ bá ti mú, ó máa ń pè mí ní òwúrọ̀ láti sọ fún mi pé kí n má tan iná èédú nínú yàrá. Ohun tó tìtorí rẹ̀ pè mí lówùúrọ̀ yẹn náà nìyẹn.

"Kí lo fẹ́ mọ̀?"

"Ṣé ó sọ pé nǹkan ń ṣe òun tẹ́lẹ̀?"

"Orí ni. Ó ní orí ń fọ́ òun, èébì sì ń gbé òun. Alẹ́ ọjọ́ kejì ló sùn tí kò jí mọ́. Kò jọ ẹni tó kú rárá, ọmọ mi. Ó jọ ẹni tó sùn dáadáa." Ó tún ní, "Níbo lo wà? Jáde síta."

"Ìta ni mo wà, Ìyá."

Ẹ̀rù méjì ló bà mí bí mo ṣe ń padà bọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ó ṣeé ṣe kí n tọ̀nà. Èkejì ni pé ó ṣeé ṣe kí n má tọ̀nà, kí n sì ti sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn, èmi àlejò tí wọ́n fún ní àyè láti gbé kọ̀m̀pútà sórí tábìlì wọn.

Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí mo lè yẹ̀ wò. Mo fín epo tí a fi ń fọ kábúrétọ̀ díẹ̀ sí ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń fa afẹ́fẹ́. Lójú ẹsẹ̀, ìlà sẹ́ńsọ̀ fò sókè, ó sì tún wá sílẹ̀ nígbà tí epo náà jó tán. Sẹ́ńsọ̀ kò kú. Ó rí epo nígbà tí epo wà. Ó ku kí a mọ ibi tí afẹ́fẹ́ tó ń kà ti ń wọlé.

Nígbà tí páìpù tutù díẹ̀, mo wọ abẹ́ ọkọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé kátálíìsì kò sí níbẹ̀ mọ́. Kátálíìsì ni irin tó wú láàárín páìpù náà, tó ń fọ májèlé inú èéfín kù kó tó jáde. Àwọn kan máa ń wá rà á káàkiri ọgbà wa, nítorí náà wọ́n máa ń gé e tà, wọ́n á fi páìpù lásán dí àyè rẹ̀. Ti ọkọ̀ yìí, wọ́n ti jó páìpù lásán náà pọ̀, wọ́n sì tún sẹ́ńsọ̀ gbìn sí ẹ̀yìn ojú ìsopọ̀ náà. Mo da omi ọṣẹ sójú ìsopọ̀. Mo ní kí Bọ̀dá Ráṣì fi àkísà di ẹnu sàlẹ́ńsà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, nígbà tí ọ̀gá tan ẹ́ńjìnì. Ọṣẹ náà hó. Mo gbọ́ ṣììì, mo sì rí ihò tó gùn bí èékánná ní ojú ìsopọ̀.

Gbogbo rẹ̀ wá tò lẹ́sẹẹsẹ lójú mi. Láti ojú ihò yẹn, èéfín ń jáde, afẹ́fẹ́ sì ń wọlé. Sẹ́ńsọ̀ ń ka afẹ́fẹ́ náà, ó ń sọ fún ọkọ̀ pé epo kò tó. Ọkọ̀ sì ń fi epo kún epo, májèlé inú èéfín náà, irú ti iná èédú, sì ń pọ̀ sí i.

Ní ọgbà wa, ẹnikẹ́ni kì í tako ọ̀gá lójú oníbàárà. Bí o bá rí nǹkan, wàá ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan," ẹ ó sì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohun tí mo ṣe nìyẹn.

Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi sọ̀rọ̀ tán. Ó ní, "Ṣé o mọ ẹni tó gé kátálíìsì yẹn?"

"Rárá, sà."

"Èmi ni. Níbí. Òun ló ní kí n bá òun tà á, kó fi san owó ilé ìwé." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "O fẹ́ kí n lọ sọ fún un pé mò ń fi èéfín pa ọmọ rẹ̀? Kútọnu, sàlẹ́ńsà tó ń jò pọ̀ ní Ṣàngó yìí ju ọkọ̀ tí kò jò lọ. Ìta ni èéfín ń lọ. Báwo ló ṣe fẹ́ dé inú ọkọ̀?"

Ìbéèrè tó tọ́ ni. N kò mọ èsì rẹ̀, mo sì sọ fún un pé n kò mọ̀ ọ́n.

"Ẹ jẹ́ kí n fi èéfín tó ṣeé rí wò ó, sà. Bí kò bá wọlé, màá gbà pé mo ṣì í."

Ó ní, "Bí kò bá wọlé, o ò ní sọ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu mọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Mo fi rọ́bà kékeré kan jẹ́ kí ẹ́ńjìnì fa ọ́ìlì díẹ̀ wọlé, kí èéfín rẹ̀ lè funfun. A ti gbogbo gíláàsì, a tan AC bí Mọ́mì Tọ́míwá ṣe máa ń tàn án, a ti ilẹ̀kùn, a sì dúró síta. Bọ̀dá Ráṣì ti gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀. Mọ́mì Tọ́míwá náà dìde, ó gbé ọmọ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ń béèrè ohun tí a ń wò.

Ẹ́ńjìnì ń kùn. Nínú ọkọ̀, n kò rí nǹkan kan. Ọ̀gá Múdà ti fẹ́ yíjú kúrò.

Lẹ́yìn náà, lábẹ́ káàpẹ́ẹ̀tì, ní ẹ̀yìn ìjókòó iwájú, níbi tí àwọn ọmọ máa ń gbé ẹsẹ̀ lé, okùn funfun tín-ínrín kan yọ jáde. Ó rọra gòkè. Ó kọjá lára bàtà Tọ́míwá tó ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó tàn ká orí ìjókòó, ó sì dúró níbẹ̀, nítorí kò sí ibi tó lè gbà jáde.

Ọ̀gá Múdà ṣí ilẹ̀kùn, ó pa ẹ́ńjìnì, ó ká káàpẹ́ẹ̀tì. Ihò kan wà nínú irin ilẹ̀ ọkọ̀ náà, roboto. Wáyà sẹ́ńsọ̀ kejì, èyí tó ń ṣọ́ kátálíìsì, ló máa ń gba ibẹ̀ kọjá. Nígbà tí wọ́n gé kátálíìsì, wọ́n yọ sẹ́ńsọ̀ àti rọ́bà tó dí ihò náà, wọ́n sì da káàpẹ́ẹ̀tì bò ó.

"Kí nìyẹn?" ni Mọ́mì Tọ́míwá wí. "Ọ̀gá Múdà, mò ń bá yín sọ̀rọ̀. Kí nìyẹn?"

Ọ̀gá kò wò ó lójú. "Èéfín ni, Mọ́mì. Òun ni àwọn ọmọ ń mí sínú."

Ó pẹ́ kó tó yé e. Mo rí ìgbà tó yé e, nítorí pé ó wo ọmọ tó wà léjìká rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, "Tọ́míwá! Tọ́míwá, dá mi lóhùn!" Ọmọ náà ti jí tipẹ́, ó bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ náà ń sunkún.

Síbẹ̀, nígbà tí aago méjì ń súnmọ́, ó na ọwọ́ fún kọ́kọ́rọ́. Àwọn mẹ́ta yòókù ń dúró dè é ní Ìjù. Ó ní òun á ṣí gíláàsì. Mo rán an létí pé ó ti sọ fún wa rí pé gíláàsì ẹ̀yìn kì í ṣí, ó ti bàjẹ́. Ó ní ta ló máa kó ọmọ mẹ́rin sínú kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú báàgì, ó ní Ọlọ́run tó ti ń ṣọ́ wọn á ṣọ́ wọn délé lónìí.

Ọ̀gá Múdà fi kọ́kọ́rọ́ náà sínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. "Ọkọ̀ yìí ò kúrò níbí. Ráṣì, lọ pe kẹ̀kẹ́ wá."

Bọ̀dá Ráṣì kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan. Ó sáré lọ.

Mo sọ fún Mọ́mì Tọ́míwá pé kó gbé gbogbo àwọn ọmọ náà lọ sí ọsíbítù lọ́jọ́ náà, kó sì sọ ọ̀rọ̀ èéfín fún dókítà, kó má sọ ti ibà. Ó lọ. Wọ́n fún Tọ́míwá ní afẹ́fẹ́ mí níbẹ̀, ohun tó sọ fún wa nìyẹn. N kò sí níbẹ̀.

Wọ́n jó páìpù náà dáadáa lọ́jọ́ kejì. Èmi fúnra mi ni mo wá rọ́bà tó bá ihò náà mu, mo sì dí i. Mo tún èéfín funfun ṣe, kò wọlé. Sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ tí Ọ̀gá ti yọ jù sínú agolo, mo dá a padà síbi tó wà. Ìlà rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀gá Múdà kò bá mi sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ yẹn. Mo rò pé ó fẹ́ lé mi. Ní ìrọ̀lẹ́, mo rí i tó jókòó sórí táyà, fóònù wà létí rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbé ọkọ̀ yín wá fún mi lọ́la. Ọ̀fẹ́ ni. Mo kàn fẹ́ wo abẹ́ rẹ̀ ni." Ó gé e, ó pe ẹlòmíràn. Àwọn tó ti bá gé kátálíìsì ló ń pè. Àwọn kan kò gbé e. Nọ́ńbà àwọn mìíràn kò lọ mọ́. Ó gbé ojú sókè, ó rí mi.

"Kútọnu, àwọn tí mi ò ní nọ́ńbà wọn ńkọ́?"

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá dúró ní Toll Gate, gíláàsì àwọn ọkọ̀ tó ti gbó ni mo máa ń wò. Bí mo bá rí ọmọ tó fi orí ti gíláàsì, tó sùn, mi ò lè mọ irú oorun tó jẹ́. Àjèjì ni mí sí wọn, mi ò sì lè máa kan gíláàsì wọn. Ṣùgbọ́n mo ti kàn án lẹ́ẹ̀kan. Awakọ̀ náà bú mi. Ọmọ náà jí, ó sì yọ ahọ́n sí mi.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Mọ́mì Tọ́míwá wá gba ọkọ̀ rẹ̀ ní òwúrọ̀. Ó kó àwọn ọmọ mẹ́rin wá pẹ̀lú kẹ̀kẹ́. Mo sọ fún un pé mo ti dán an wò, pé ó ti dára ní ìwọ̀n tí mo lè fi mọ̀.

"Ìwọ̀n tí o lè fi mọ̀," ni ó wí. Kò rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Wọlé, kí o bá wọn jókòó lẹ́yìn títí a ó fi dé Ìjù. A ó gbé gíláàsì sókè."

Mo wo Ọ̀gá Múdà. Ó mi orí sí mi pé kí n lọ.

Mo jókòó sáàárín wọn, mo gbé ẹsẹ̀ lé orí káàpẹ́ẹ̀tì, lókè ihò tí mo dí. Mò ń wo ojú wọn níkọ̀ọ̀kan, mò ń fetí sí ara mi bóyá orí fẹ́ fọ́ mi. N kò mọ ohun tí èéfín yẹn ti ṣe fún wọn láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé, n kò sì ní ọ̀nà tí mo lè fi mọ̀ ọ́n. Tọ́míwá bi mí ìdí tí mo fi ń wo òun. Ọmọ aládùúgbò kan ní Tọ́míwá gba bisikí òun. Wọ́n jà sí i lórí itan mi, bisikí náà rún sára aṣọ mi. Mọ́mì Tọ́míwá ń wò wá nínú dígí. Kò bá wọn wí.

Títí ọkọ̀ fi dúró lẹ́nu géètì ilé ìwé, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sùn.